Naismith, Oníṣirò Owó Tí Ó Fi Aago Wọn Òkè

Bí ẹ bá tẹ orúkọ Naismith sínú Google, eré básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ni yóò kọ́kọ́ yọ sí yín. James Naismith ni ìyẹn, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1891, tí òfin 13 tí ó kọ fún un sì jáde ní 1892. Òun kọ́ ni mo ń bá bọ̀. Ní ọdún 1892 yẹn kan náà ni Naismith mìíràn, William Wilson Naismith, ará Skọ́tlándì, gbé òfin tirẹ̀ jáde. Tirẹ̀ kò tó 13. Ẹyọ kan péré ni, kò sì gùn ju gbólóhùn kan lọ. Síbẹ̀, àwa ọmọ ẹ̀ka Jọ́gíráfì, òun ni ó yẹ kí á mọ̀ jù, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti fi kọ̀ǹpútà ṣírò àkókò tí ènìyàn yóò fi fẹsẹ̀ rìn gun òkè rí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òfin ọkùnrin yìí ni kọ̀ǹpútà náà ń lò láìsọ fún un.

A bí William Naismith ní Hamilton, ìlú kan tí kò jìnnà sí Glasgow, ní oṣù Kejì ọdún 1856. Ọmọ ọdún 9 ni ó wà nígbà tí ó gun òkè Ben Lomond, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 974 mítà, tí ó sì dúró sẹ́bàá adágún tí wọ́n ń pè ní Loch Lomond. Ẹni tí ó bá ti rán ọmọ ọdún 9 níṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn rí, tí ó sì gbọ́ ìráhùn rẹ̀, yóò mọ̀ pé ọmọ yìí ní nǹkan lára. Nígbà tí ó dàgbà, iṣẹ́ ìṣirò owó ni ó mú ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé mo gbà pé òun ni ó là wá lójú sí gbogbo ohun tó kù. Naismith kì í ṣe sọ́jà, kì í ṣe atukọ̀ òkun, kì í sì í ṣe sọ̀fíyọ̀ tí ìjọba ń sanwó fún láti wọn ilẹ̀. Ẹni tí ó ń wo owó tó wọlé àti owó tó jáde ni, tí kò sì lè sùn bí ìṣirò méjèèjì kò bá dọ́gba. Àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni ó fi ń gun òkè.

Láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ràn òkè gígùn, orí àwọn òkè Alps ní Switzerland àti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n máa ń lọ. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ wọn, Alpine Club, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1857. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, wọn a háyà àwọn ará abúlé tí wọ́n mọ òkè náà bí ẹní mọ ọ̀nà oko, ìyẹn a sì máa lọ níwájú wọn. Àwọn òkè tó wà nílé ní Skọ́tlándì, wọn kò kà wọ́n sí nǹkan kan. Èyí kò dùn mọ́ Naismith nínú. Ní oṣù Kíní ọdún 1889, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Glasgow Herald pé ó yẹ kí Skọ́tlándì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn ènìyàn dá a lóhùn, kí ọdún náà tó parí, Scottish Mountaineering Club ti dúró. George Gilbert Ramsay, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Látìn ní Yunifásítì Glasgow, ni wọ́n fi jẹ ààrẹ àkọ́kọ́. Naismith kò jẹ ààrẹ. Ó ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń pè é ní baba ẹgbẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olóyè nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa rí yóò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kì í sí lórí bánà, ṣùgbọ́n bí kò bá wá sípàdé, ìpàdé kò ní lọ.)

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà tirẹ̀. Inú ìwé náà ni Hugh Munro, tí wọ́n bí ní ọdún kan náà pẹ̀lú Naismith, tẹ àkójọ àwọn òkè tó ga ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ní 1891. Kó tó di ìgbà náà, nǹkan bí 30 ni àwọn ènìyàn rò pé wọ́n jẹ́. Munro ka 283. Nítorí náà, lójijì, àwọn ará Skọ́tlándì rí i pé òkè pọ̀ nílé wọn ju bí wọ́n ti rò lọ, púpọ̀ nínú wọn ni kò sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là dé, kò sì sí ará abúlé tí yóò lọ níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ gùn wọ́n ní láti fi ojú ara rẹ̀ àti máàpù wá ọ̀nà. Ojú ara ẹni ńkọ́? Ní ilẹ̀ yẹn, kùrukùru lè bo òkè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, débi pé ènìyàn kò ní rí ju ọ̀pá mélòó kan lọ níwájú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyẹn: bí o kò bá rí ibi tí ò ń lọ, báwo ni o ṣe fẹ́ mọ ibi tí o dé?

Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni Naismith gun òkè mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan nítòsí Crianlarich: Cruach Ardrain, Stob Binnein àti Ben More. Nígbà tí ó darí dé, ó kọ ìròyìn kúkúrú sínú ìwé ẹgbẹ́ wọn. Kò sí ewì níbẹ̀, kò sì sí àpèjúwe oòrùn tó ń wọ̀. Ó ní máìlì 10 ni òun rìn, àpapọ̀ gíga tí òun gùn jẹ́ 6,300 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì gba òun ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ìsinmi ráńpẹ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi kún un pé iye yìí bá ìlànà kan mu: kí ènìyàn ka wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta-mẹ́ta lórí máàpù, kí ó sì fi wákàtí kan lé e fún 2,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí ó bá gùn sókè. Ó tán.

Mo jókòó ṣe ìṣirò náà. Máìlì 10, tí a bá pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 20 ni. Ẹsẹ̀ bàtà 6,300, tí a bá pín in sí 2,000, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Ẹ pa wọ́n pọ̀: wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 29. Ìṣẹ́jú kan péré ni ó kù kó pé ohun tí aago rẹ̀ sọ. Ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde dọ́gba! Mo lè fojú inú rí ẹ̀rín lẹ́nu oníṣirò owó náà.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò nínú ìlànà yìí. Naismith sọ ọ́ gbangba pé fún àwọn tí ara wọn le dé ìwọ̀n ni, àti fún ìrìn tí kò nira. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi díje. Lónìí, àwọn kan máa ń fọ́nnu pé àwọn lu Naismith, bí ẹni pé eré ìje ni. Lójú tèmi, wọn kò mọ ohun tí irinṣẹ́ náà wà fún. Ìlànà yìí dà bí òṣùwọ̀n lọ́wọ́ alátà. Bí òṣùwọ̀n bá ti jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo, o mọ ohun tí o rà. Bí ìrìn rẹ bá máa ń gba ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ohun tí Naismith sọ, kò burú rárá, ìwọ sáà ti mọ̀ ọ́n, kí o sì fi ṣírò. Ẹlòmíràn, Philip Tranter, tilẹ̀ ṣe àtẹ kan lẹ́yìn náà tí ènìyàn lè fi yí iye náà padà gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ àti bí ó ti rẹ̀ ẹ́ tó.

Àwọn tó ń lo kìlómítà ti yí i sí kìlómítà márùn-ún fún wákàtí kan, àti ìṣẹ́jú kan fún mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ẹ wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ fẹ́ dé orí ẹ̀yìn òkè kan tí ó jìnnà tó kìlómítà kan ààbọ̀, ìlà kọ́ńtọ̀ sì fi hàn pé ẹ óò gùn tó 200 mítà. Ìṣẹ́jú 18 ni ti ọ̀nà, ìṣẹ́jú 20 ni ti gíga. Ìṣẹ́jú 38 lápapọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wo aago, ẹ gbéra. Bí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá tí kùrukùru sì bo gbogbo ibẹ̀, ọkàn yín lè máa sọ pé ẹ ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, nítorí pé nínú kùrukùru, mítà 100 a máa dà bíi kìlómítà kan. Aago yóò ní rárá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí ó bá sì wá di ìṣẹ́jú 50 tí ilẹ̀ ṣì ń ga níwájú yín, aago náà ni yóò sọ pé nǹkan kan ti yí, ẹ dúró, ẹ wo máàpù, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan síwájú sí i. Ohun tí ìlànà náà ṣe fún àwọn tó ń rìn nìyẹn: ó fún wọn ní ẹlẹ́rìí tí ẹ̀rù kì í bà.

Ohun tí kò sí nínú ìlànà Naismith ni ìrìn ìsọ̀kalẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Eric Langmuir, tí òun náà kọ ìwé tí àwọn olùkọ́ òkè gígùn ní Skọ́tlándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó dí àlàfo náà. Ó ní bí ilẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a yọ ìṣẹ́jú 10 kúrò fún 300 mítà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí a fi ìṣẹ́jú 10 kún un, nítorí pé ẹsẹ̀ yóò máa wá ibi tí yóò tẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gan-an ni orí Ben Nevis, òkè tó ga jù ní gbogbo Britain, 1,345 mítà. Orí rẹ̀ tẹ́ bí pápá, kùrukùru sì ń bò ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Ní ìhà àríwá rẹ̀, bèbè òkúta kan wà tí ó já lulẹ̀ tó 600 mítà. Àwọn ihò jíjìn ya wọ inú pápá náà láti bèbè yìí, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Gardyloo Gully. Ní apá kejì ọ̀nà, ihò mìíràn tún wà, Five Finger Gully, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kú sí. Ọ̀nà tí ó là wọ́n láàárín kò fẹ̀. Bí ojú kò bá ríran, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn ni pé láti ibi òpó ìwọ̀n ilẹ̀ tó wà lórí òkè náà, kí wọ́n rìn ní igun 231 dígíríì lórí máàpù fún 150 mítà, kí wọ́n wá yí sí igun 282 dígíríì, kí wọ́n sì máa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe sí igun méjèèjì lórí kọ́ḿpáàsì, torí pé àríwá tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí àti àríwá ti máàpù kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ wo iye 150 yẹn dáadáa. Kọ́ḿpáàsì lè sọ igun 231 fún yín, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìgbà tí 150 mítà bá pé. Bí ẹ bá tètè yí, Gardyloo Gully ni ẹ dojú kọ. Bí ẹ bá pẹ́ jù kí ẹ tó yí, Five Finger ń dúró. Fún ìrìn kúkúrú báyìí, aago nìkan kò tó, torí pé nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀. Ìṣísẹ̀ ni wọ́n ń kà. Kálukú ni yóò ti wọn ìṣísẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú: iye ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì yóò kanlẹ̀ nínú 100 mítà. Èmi wọn tèmi lórí pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ wa, 66 ni. Ẹni tó ga jù mí lọ lè ní 60. Lórí yìnyín tàbí lórí òkè, iye náà yóò pọ̀ sí i. Àwọn kan máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ sínú àpò kan, tí wọ́n á sì máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí àpò kejì bí 100 mítà bá ti ń pé, kí iye má baà sọnù lọ́kàn wọn. Ìṣísẹ̀ fún ọ̀nà kúkúrú, aago Naismith fún ọ̀nà gígùn, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń pín in nìyẹn.

Wọ́n tún ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ká ní afárá kékeré kan wà lórí odò tí ẹ ń lọ bá nínú kùrukùru. Bí ẹ bá dojú kọ́ḿpáàsì kọ afárá náà gan-an, tí ẹ sì dé etí odò láìrí i, ẹ kò ní mọ̀ bóyá apá ọ̀tún ni kí ẹ yà sí tàbí apá òsì. Nítorí náà wọn kì í dojú kọ ọ́. Wọn a mọ̀ọ́mọ̀ gba apá òsì rẹ̀ díẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dé etí odò, ọ̀tún ni wọ́n á yà, láìṣiyèméjì. Aago ni yóò sì sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ti dé etí odò náà.

Naismith fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń rìn lórí koríko nìkan. Ní 1896, òun àti William Douglas so okùn mọ́ra wọn, wọ́n sì gun Crowberry Ridge lórí Buachaille Etive Mòr, ní Glen Coe. Ní 1898, òun àti A. M. Mackay gun ẹ̀gbẹ́ òkúta tí wọ́n ń pè ní Bhasteir Tooth ní erékùṣù Skye, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀nà náà títí dòní. Àwọn òkè Cuillin ní Skye yìí ní ìwà kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Jọ́gíráfì mọ̀: òòfà wà nínú òkúta wọn, abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì a sì máa yí gbirigbiri níbi púpọ̀. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí i pé irinṣẹ́ tí a gbẹ́kẹ̀ lé jù lè purọ́ fún ni. Aago kò ní òkúta tó lè tàn án. Síkì pẹ̀lú, Naismith wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò ní Skọ́tlándì, lórí àwọn òkè Campsie nítòsí Glasgow, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890.

Kí ló wá kan àwa níbí? Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ GIS káàkiri, ẹ lè ti lo r.walk tó wà nínú GRASS. Ìlànà Naismith, pẹ̀lú àtúnṣe Langmuir, ni wọ́n gbé e kà. Waldo Tobler, ọ̀jọ̀gbọ́n Jọ́gíráfì tí gbogbo wa mọ òfin rẹ̀ nípa ohun tó súnmọ́ra, gbé ìlànà tirẹ̀ nípa ìrìn orí òkè jáde ní 1993. Nínú ti Tobler, ìyára ènìyàn lórí ilẹ̀ títẹ́jú jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan. Ìyẹn kò jìnnà sí máìlì mẹ́ta tí oníṣirò owó kan kọ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀. Irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi ń wo bí aláboyún ṣe lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn tó. Bí a bá kàn fi kọ́ńpáàsì ìyàwòrán ya òbírípo kìlómítà márùn-ún yí ilé ìwòsàn kan ká lórí máàpù, tí a sì pe gbogbo abúlé inú rẹ̀ ní abúlé tó súnmọ́ tòsí, ó lè jẹ́ òótọ́ ní ilẹ̀ títẹ́jú. Ní Ìdànrè tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò lè jẹ́ òótọ́. Òkè wà láàárín. Abúlé tí ó wà ní kìlómítà mẹ́rin, tí ènìyàn yóò gun 300 mítà kó tó débẹ̀, Naismith yóò ka ìṣẹ́jú 48 fún ọ̀nà rẹ̀, yóò sì fi 30 lé e. Ìyẹn fún ẹni tí ara rẹ̀ le, kì í ṣe fún ẹni tó ń rọbí. Mo rò pé ó yẹ kí a máa béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ ara wa kí a tó fi máàpù aláwọ̀ mèremère síwájú ìjọba.

Àwọn kan yóò ní fóònù ti wà, pé GPS ti parí ọ̀rọ̀. Mo gbà pé ó wúlò, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n òtútù orí òkè a máa pa bátìrì, ojú fóònù tí òjò ti rin kì í sì í gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu. Nílé níbí náà, nígbà ọyẹ́, eruku lè bo òkè tó wà níwájú ẹni pátápátá.

Ní ọdún 60 rẹ̀, ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, Naismith gbéra láti Glasgow, ó fẹsẹ̀ rìn dé orí Ben Lomond tí ó gùn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9, ó sì tún fẹsẹ̀ rìn padà. Máìlì 62 ni, wákàtí 20 ni ó sì gbà á. Mo gbé òfin tirẹ̀ lé ìrìn náà. Máìlì 62 jẹ́ wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 40. Bí a bá ka gíga Ben Lomond, 3,196 ẹsẹ̀ bàtà, ó jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 36. Wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 16 lápapọ̀, ká má tíì ka àwọn gegele ojú ọ̀nà. Bàbá ẹni ọdún 60 fi wákàtí méjì àti díẹ̀ yára ju òfin ara rẹ̀ lọ. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1935, ọmọ ọdún 79.